Ìbéèrè Jẹ̀mílátù Nídìí Ààrò

Aṣọ ni Jẹ̀mílátù ń tà ní Ìdí-Ìrókò kí wọ́n tó ti bọ́dà. Nígbà tí ọjà Kútọnu kò wọlé mọ́, ó padà sí Ìlaró, ó sì ríṣẹ́ aṣọ́nà ní ilé-iṣẹ́ gààrí kan lọ́nà Idogo. Kò pẹ́ tó fi mú àbúrò rẹ̀, Toyibat, wá síbẹ̀. Wọ́n fi Toyibat sídìí ààrò, níbi tí wọ́n ti ń yan gààrí.

Láàárín oṣù mélòó kan, ojú Toyibat pọ́n, ikọ́ kò sì jẹ́ kó sùn.

"Fi iṣẹ́ náà sílẹ̀," Jẹ̀mílátù wí.

"Kí n wá lọ síbo? Ìdí-Ìrókò?"

Jẹ̀mílátù bu omi fún un mu.

Adégbóyè, ọ̀gá wọn, rí i pé àwọn obìnrin ìdí ààrò ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan láìsọ ohun tó ṣe wọ́n. Ó bá tẹ ìwé ìbéèrè: ṣé iṣẹ́ ń tẹ́ wọn lọ́rùn, ṣé ara dá, ṣé wọ́n lè bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Kò sí àyè orúkọ níbẹ̀. Nítorí pé púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé, ó ní kí Jẹ̀mílátù bi wọ́n.

"Ohun tí wọ́n bá sọ ni màá ṣe," ó wí.

Inú Jẹ̀mílátù dùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá Àrìnpé. Ṣé iṣẹ́ yìí ń tẹ́ yín lọ́rùn?"

"A dúpẹ́ o, ọmọ mi."

"Ara ńkọ́?"

"Koko lara ń le!"

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn wí. Toyibat gan-an, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ní, "Alhamdulillah."

Adégbóyè ka èsì náà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Gbogbo rẹ̀ dáa! Kí ni wọ́n wá ń sá fún?" Ó tì í sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀.

Nígbà tí Jẹ̀mílátù ń lọ sílé, ó rántí ọjọ́ tó palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́. Aládùúgbò kan bi í pé ọjà ńkọ́, òun náà sì ní a dúpẹ́, pẹ̀lú ẹrù lórí. Ta ló ń fi ọ̀rọ̀ burúkú la ẹnu láàárọ̀? Òun ló bi wọ́n bí ẹni ń kí wọn. Wọ́n sì dáhùn bí ẹni tí wọ́n kí. Kò sẹ́ni tó purọ́.

Ó padà lọ bẹ Adégbóyè.

"Ṣé o fẹ́ bi wọ́n títí wọ́n á fi bú mi ni?"

"Ìbéèrè kan péré ni, sà."

Lọ́sàn-án, ó mú ọ̀bẹ, ó jókòó tì wọ́n nídìí ààrò, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. "Tí àbúrò yín bá ti Ìdí-Ìrókò dé lónìí, tó ń wáṣẹ́, ṣé ẹ máa mú un wá sídìí ààrò yìí?"

"Àbúrò mi?" Màmá Àrìnpé pariwo. "Kí ló fi ṣe mí? Àbúrò ọkọ mi ni kí o bi mí. Ìyẹn, màá gbé àga fún un!"

Ẹ̀rín sọ. Inú ẹ̀rín náà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: ògiri ń dá èéfín padà sí wọn lójú, ẹni tó bá wà nídìí iná láàárọ̀ ni yóò wà níbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó bá jáde lọ mí, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni.

Toyibat nìkan ni kò sọ̀rọ̀.

"Ìwọ ńkọ́?" Jẹ̀mílátù bi í. "Ṣé wàá mú àbúrò rẹ wá?"

"Mi ò ní àbúrò. Ẹ̀gbọ́n ni mo ní. Òun ló mú mi wá."

Jẹ̀mílátù gbé ọ̀bẹ rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo mọ̀," Jẹ̀mílátù wí. "Ìdí tí mo fi ń bi ọ́ nìyẹn." Ó kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú ti gbogbo àwọn yòókù.

Lọ́tẹ̀ yìí, Adégbóyè kò rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́, bíríkìlà wá dá ihò ńlá sára ògiri ẹ̀yìn ààrò. Wọ́n pín àwọn obìnrin sọ́nà méjì: àwọn tó bá yan gààrí lónìí, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n máa bẹ lọ́la. Ọ̀kan nínú àwọn tó ti lọ tilẹ̀ padà wá.

Bọ́dà ṣì wà ní títì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Toyibat dé ẹnu ọ̀nà.

"Ara ńkọ́?"

"A dúpẹ́, Ẹ̀gbọ́n mi."

Jẹ̀mílátù kò tíì ṣílẹ̀kùn. Ó kọ́kọ́ wo ojú àbúrò rẹ̀ dáadáa. Funfun ẹyinjú rẹ̀ ti ń padà bọ̀.