Ẹni Tó Ń Ka Kòkòrò Lábẹ́ Ewé Ẹ̀wà

Ojú-Àṣá ni wọ́n ń pè é ní oko ìwádìí. Orúkọ náà ti mọ́ ọn lára débi pé bí ènìyàn bá pe orúkọ àbísọ rẹ̀, yóò kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń ka kòkòrò. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ a máa ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́, wọn a sì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rín in. Ẹni tí kò bá tíì kúnlẹ̀ sínú ìrì láàárọ̀ kùtù, kó yẹ abẹ́ igba ewé ẹ̀wà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ iṣẹ́.

Apá méjì ni ìwé rẹ̀ ní. Ọ̀tá ló ń kọ sí apá òsì: àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ewé mu, àti àwọn gígùn dúdú tó ń jẹ ewé ní àjẹlu. Ọ̀rẹ́ ló ń kọ sí apá ọ̀tún: kòkòrò róbótó pupa alámì dúdú, èyí tó ń fi àwọn wẹ́wẹ́ náà ṣe oúnjẹ. Ó di ọdún mẹ́rin tí ọ̀gá àgbà oko ti ń wá bí wọ́n ṣe lè fi àwọn ọ̀rẹ́ yìí ṣọ́ ẹ̀wà láìfín oògùn. Oko tí ọ̀rẹ́ bá pọ̀ sí, wọ́n á fi í sílẹ̀. Èyí tí ọ̀tá bá gbà, wọ́n á fín in. Ohun tí Ojú-Àṣá bá sì kọ sílẹ̀ labẹ gé.

Bẹ́ẹ̀, ojú Ojú-Àṣá ti ń ṣe bàìbàì. Kò sọ fún ẹnì kan. Obìnrin tó wà nídìí iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìdí ìgò ni wọ́n gbé e lọ, kó máa fọ̀ wọ́n. Kò ju oṣù méjì lọ tó fi kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé, kò sì sẹ́ni tó tún dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ìyẹn ló ń dẹ́rù ba Ojú-Àṣá tọ̀sán-tòru. Ló bá ń fi ọgbọ́n ṣe é: tó bá rí pupa róbótó, ó di ọ̀rẹ́, tó bá rí dúdú gígùn, ó di ọ̀tá. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ ń lo awò ojú, Ojú-Àṣá gan-an ló sì ń pè é ní olójú mẹ́rin. Ẹ ò rí ayé?

Ní ọjọ́rú kan, ọ̀gá àgbà ka ìwé náà, ó sì fajú ro. Ó ní oko apá ìlà oòrùn tí ọ̀rẹ́ kún fọ́fọ́ lóṣù tó kọjá, báwo ni ọ̀tá ṣe gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Ó wo Ojú-Àṣá títí, ó wá ní, "Ó yà mí lẹ́nu o, ìyá. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ kà á." Ó ní kí wọ́n fín in láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Oorun tí ìyá sùn lóru ọjọ́ náà kò tó nǹkan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ọkọ rẹ̀ wọ ilé ìwẹ̀, ìyá mú awò ojú náà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó tì í bọ àpò, ó sì jáde bí olè.

Ó kúnlẹ̀ sínú oko apá ìlà oòrùn náà, ó gbé awò náà sójú, ó yí ewé kan wò. Dúdú gígùn kan wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹsẹ̀ mẹ́fà péré ló ní, gbogbo rẹ̀ lápá orí, kò sí ọ̀kankan nídìí bíi ti ọ̀tá. Àmì olómi ọsàn wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì gbé ọ̀kan nínú àwọn wẹ́wẹ́ há ẹnu, ó ń jẹ ẹ́. Ọmọ ọ̀rẹ́ ni. Ọmọ kòkòrò pupa náà kì í jọ ìyá rẹ̀ rárá, òun fúnra rẹ̀ ló sì ti fi èyí kọ́ ẹni mẹ́fà nídìí iṣẹ́ yìí. Ó yí ewé kejì, ó yí ìkẹta. Lórí igi ẹ̀wà mẹ́wàá, ọmọ ọ̀rẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọ̀tá gígùn méjì péré. 

Ìgbà náà ló gbọ́ tí ẹ̀rọ ìfínoògùn bú ramúramù létí oko.

Ọkàn kan sọ fún un pé kó dákẹ́. Tí wọ́n bá fín oko náà tán, òkú kòkòrò kò lè jẹ́rìí. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láé. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ títí afínoògùn fi parí ebè kìn-ín-ní. Kò mọ ìgbà tó dìde. Ó sá, ó ń kọsẹ̀, ó lọ dúró gbọnin níwájú ẹni náà.

"Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

"Dá a dúró. Mo ní kí o dá a dúró."

Ọ̀gá àgbà sáré dé. Ojú-Àṣá kò lè wo ojú rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò tó fi sọ̀rọ̀. "Èmi ni mo ṣìṣe, ọ̀gá. Ọmọ ọ̀rẹ́ ni mo kọ sílẹ̀ ní ọ̀tá. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yẹ ewé wò fún ìgbà pípẹ́. Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà kúrò. Ó rọra bi ìyá pé, "Láti ìgbà wo?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti wà létè rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò burú, ènìyàn lè dárí jì í. Àmọ́ ó rántí oko tí wọ́n fín lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tó kọjá, ó rántí èyí tó ṣáájú ìyẹn, ẹ̀rù tó wá bà á ju ti ìdí ìgò lọ.

"Mi ò mọ̀, ọ̀gá."

Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin ló wà nínú ìwé yẹn. Ọ̀gá àgbà jókòó sílẹ̀ sáàárín ẹ̀wà, nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun tó wọ̀. Afínoògùn tó ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán rò pé kòkòrò míì ló tún rí.