Ọkùnrin Tó Wá Kan Bọ́ọ̀dù Mọ́ Ilé Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsàlẹ̀ Èkó, láyé àwọn ológun, ilé wa wà lára àwọn tí òyìnbó máa ń dúró yà ní fọ́tò. Bíríkìlà Àgùdà ló kọ́ ọ fún bàbá ìyá àgbà mi, pẹ̀lú òdòdó sìmẹ́ńtì lórí gbogbo fèrèsé. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sin bàbá náà sí, bí wọ́n ti ń ṣe fún olórí ilé nígbà náà. Ẹ̀gbẹ́ sàréè yẹn ni ìyá àgbà ní kí wọ́n tẹ́ òun náà sí. Kò ní ẹ̀bẹ̀ mìíràn láyé.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gbé bọ́ọ̀dù irin kékeré àti òòlù wá. Ó kí wa dáadáa, ó ní ilé wa ti di ohun ìtàn, ìjọba fẹ́ dáàbò bò ó. “Ìjọba” yẹn nìkan ni ìyá àgbà gbọ́. Ẹ má bínú sí i o. Nígbà tó wà lọ́mọge, ìjọba ti wó apá kan àdúgbò wọn rí, wọ́n kó àwọn èèyàn lọ sí Súrùlérè. Àmì ni wọ́n kọ́kọ́ wá fi sára ògiri. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

“Ẹ tún ti dé! Ilé bàbá mi kọ́ lẹ máa gbà!”

Ó ní kí n mú ọmọ odó wá, mo sáré gbé e fún un. Ó là á mọ́ ọkùnrin náà lórí. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀ṣẹ́ àti bẹ́líìtì parí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ bo ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. A tẹ bọ́ọ̀dù náà mọ́lẹ̀ títí ó fi ká kò, a sì ń hó yèè. Òmùgọ̀ ni wá.

Kò pé ọdún kan tí àbúrò ìyá àgbà fi yọ́ ta ilé náà fún oníṣòwò kan ní Ọjà Balógun tó fẹ́ kọ́ plásà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn jàǹdùkú wá, nígbà tí gbogbo ọkùnrin ilé wà ní mọ́ṣáláṣí. Wọ́n kó àdá àti igo dání, katapílà ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìyá àgbà jókòó sórí sàréè.

“Màmá, ẹ comot jàre! Iṣẹ́ ni wọ́n rán wa!”

Ọ̀kan gbá a lẹ́sẹ̀ mú, ó wọ́ ọ gba orí àtẹ̀gùn. Mo gbọ́ tí egungun itan rẹ̀ kán. Mo ge jàǹdùkú náà jẹ lọ́wọ́, ó gbá mi létí, etí òsì mi kò sì gbọ́ran mọ́ dòní. Katapílà wó ilé, ó hú sàréè. Mo rí egungun bàbá ìyá àgbà láàárín bíríkì.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn wá kí ìyá àgbà lọ́dọ̀ aládùúgbò tó gbà wá sílé. Àpá wà níwájú orí rẹ̀.

“Màmá, bọ́ọ̀dù yẹn ni òfin. Ká ní ó wà lára ògiri, wọn ò ní lè fọwọ́ kan ilé yín.”

Ó sọ ọ́ láìbínú, ìyẹn ló dùn wá jù. Ìyá àgbà ò rìn mọ́ títí ó fi kú. Itẹ́ òkú ìjọba la sin ín sí, láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, lẹ́yìn ọjà Jàńkárà, mo rí òṣìṣẹ́ kan tó ń kan irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ mọ́ ilé àtijọ́ kan. Onílé gbé àga fún un, wọ́n ra mínírà tútù fún un, àwọn ọmọdé ń yà á ní fọ́tò. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n kan ìṣó kan. Ó fún mi ní òòlù. Omijé ò jẹ́ kí n ríran dáadáa, ṣùgbọ́n mo kàn án wọlé ṣinṣin.