Ṣẹ́ẹ̀tì Funfun Ọ̀gá Ilé-iṣẹ́ Gáàsì

Tó bá di ọ̀rọ̀ aṣọ fífọ̀, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ rọ́ ìyá alágbàfọ̀ sẹ́yìn. Ọgbọ̀n ọdún ló fi fọ aṣọ àdúgbò kí àwọn tó ń wa gáàsì tó gbẹ́lẹ̀ sẹ́yìn ilé rẹ̀. Láti ìgbà náà ni omi kànga rẹ̀ ti ń rùn, aṣọ funfun tó bá sì wọ inú rẹ̀ á pọ́n bí irin tó dógùn-ún.

Nígbà tí àwọn tó ń ya fíìmù nípa ọ̀rọ̀ náà dé, wọ́n ní kó sunkún díẹ̀ níwájú kámẹ́rà.

Ìyá ní, “Ẹkún kẹ̀? Ẹ lọ pe ọ̀gá wọn wá fún mi.”

Ọ̀gá dé tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun báláú, ó ní àyẹ̀wò fi hàn pé omi náà mọ́ gaara. Ìyá lọ sídìí kànga rẹ̀. Ó fa omi kún bàsíà, ó po ọṣẹ sí i, ó nawọ́.

“Ọ̀gá mi, ẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yín, kí n bá yín fọ̀ ọ́. Ọ̀fẹ́ ni.”

Ọ̀gá wo bàsíà, ó wo kámẹ́rà, ó rọra di bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀ tó ṣí tẹ́lẹ̀.

Ìyá kọjú sáwọn onífíìmù. “Ṣé ẹ ti yà á?”