Dókítà Tó Ń To Eyín ní Altona

Ọmọ Korea ni dókítà tí mo bá ṣiṣẹ́ ní Germany, eyín tó wọ́ ló sì máa ń tò. Hellersdorf ní Berlin la ti pàdé. Èmi ni nọ́ọ̀sì tó ń gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, òun ni dókítà tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn tí ìmọ̀ wọn kò tó tirẹ̀. Mo fi ọdún mélòó kan jù ú lọ, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí ní èdè ilé wọn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín ò wọ́pọ̀ lójú rẹ̀ rárá.

Bàbá Jámánì kan wá láti Hamburg wá dá wa lẹ́kọ̀ọ́, ó rí bí dókítà mi ṣe ń fi ẹ̀mú ká wáyà eyín. Kíá ló ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní Altona, ní Hamburg, pé tí òun bá fẹ̀yìn tì, òun á fa Praxis òun, ìyẹn ilé ìtọ́jú eyín, lé e lọ́wọ́. Dókítà mi kò béèrè ìgbà wo. Ó tẹrí ba, ó di ẹrù, ó ní kí n bá òun lọ. Mo gba yàrá kan ní St. Georg, lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin Hamburg, níbi tí àwọn èèyàn ti ń wọ́ àpótí kọjá lábẹ́ fèrèsé mi tọ̀sán-tòru.

Ní ilé wọn, èèyàn kì í bi àgbà pé ìlérí yẹn ńkọ́. Mo mọ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, òun náà ni wọ́n fi nà mí dàgbà. Ṣùgbọ́n èmi mọ ẹni tí mo ń kúnlẹ̀ fún. Mo ní, "Dókítà, Jámánì ni bàbá yìí o. Tí ẹ ò bá béèrè, á ní ẹ ò fẹ́ ni."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti sọ ọ́. Tí mo bá tún béèrè, ṣe ni mo pè wọ́n ní òpùrọ́."

Mo pòṣé. Olórí kunkun.

Ó ṣiṣẹ́ bí ẹrú. Àwọn ìyá tó kọ́kọ́ pè é ní ará Ṣáínà, tí wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ẹ, ló padà ń bẹ̀ pé òun ni kó tọ́jú ọmọ àwọn. Bàbá náà á gbá a léjìká, á ní, "Ó kù díẹ̀." Ní Seoul, ìyá dókítà mi ti ń ṣe fáàrí kiri àdúgbò, ó tiẹ̀ ti fi pátákó tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sí ránṣẹ́, pé ká kàn án mọ́ ẹnu ọ̀nà Praxis.

Lọ́jọ́ tí bàbá náà fẹ̀yìn tì, ó kó gbogbo wa jọ, ó mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wọlé, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé eyín tán. Ó ní ọmọ òun ló ni Praxis láti òní lọ. Ó yíjú sí dókítà mi, ó ní, "Ìwọ lo máa kọ́ ọ níṣẹ́." Mo ní lónìí, dókítà mi á sọ̀rọ̀. Ó tẹrí ba, ó dúpẹ́.

Ó kọ́ ọmọ náà níṣẹ́ tán, ìyẹn ní kó máa lọ, pé àwọn òbí kì í gbọ́ èdè Jámánì rẹ̀ dáadáa. Irọ́ burúkú.

Lọ́jọ́ tó ṣe kẹ́yìn níbẹ̀, ó tú wáyà lẹ́nu ọmọbìnrin kan tó ti ń tọ́jú látìgbà tá a ti dé Hamburg. Eyín ọmọ náà tò, ó gún régé. Ìyá rẹ̀ wò ó, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó kọjá lára dókítà mi, ó lọ di ọmọ bàbá lọ́wọ́ mú, ó ń dúpẹ́. Kì í ṣe pé kò mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ o. Ó mọ ẹni tí òun ṣì máa nílò. Ọ̀dájú yẹn sì gba ọpẹ́ náà, ó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìyá àti ọmọ rẹ̀ lọ tán, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo pariwo pé ìkà ni wọ́n, ìkà paraku, bàbá tó purọ́ àti ọmọ tó bí, pé kí dókítà mi la ẹnu rẹ̀ kó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀.

Dókítà mi fi ìka lé ètè. Bàbá náà ti yà wá mu kọfí pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Bàbá ń sinmi ní yàrá kejì."