Ìjà Ẹ̀yìnkùlé

Òórùn irin gbígbóná ní ṣọ́ọ̀bù jórinjórin kan rán mi létí ọ̀sán kan ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìlórá. Bàámi wé nọ́ọ̀tì mọ́ ọ̀pá irin eléyín kan tí kì í dípẹtà, kí eyín ọ̀pá náà má baà bàjẹ́ níbi tí wọ́n fẹ́ gé, wọ́n fi ẹ̀rọ gé e sí méjì. Bí wọ́n ṣe pa ẹ̀rọ, àbúrò wọn, Bàbá Kékeré, já wọ ẹ̀yìnkùlé, wọ́n di Bàámi lọ́rùn mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní nǹkan mi!"

Bàámi la ìdajì ọ̀pá náà mọ́ wọn lórí. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú wọn. Ọmọdé ni mí nígbà náà; mo rò pé irin ni Bàbá Kékeré ń bèèrè, mo sáré gbé ìdajì kejì fún wọn. Ibi tí wọ́n ti gé e ṣì gbóná, ó jó mi lọ́wọ́. Mo ti di ìyàwó ilé kí n tó mọ̀ pé èmi ni nǹkan náà, pé Bàbá Kékeré ló bí mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nígbà tí irin jó mi tí mo ké, àwọn méjèèjì nawọ́ sí mi. Bàámi ni mo sáré bá.