Ìyá Wálé, Aránṣọ Agbowó Tó Kọ́ Gẹ̀ẹ́sì Nítorí Ọmọ-ọmọ Rẹ̀

Yéè! Ikú, o kù díẹ̀ káàtó! Ìyá Wálé, aránṣọ Agbowó, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí irun orí wa ṣì dúdú, ìwọ náà lọ? Ó dìgbà ná o, kíláàsì mi. Èmi Àlhájà Sìdí ni mò ń pè ọ́. Fọlákẹ́ ọmọ rẹ ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìsìnkú yìí. Mo bi í pé kí ló kù lẹ́nu mi tí mo fẹ́ kọ, nítorí ẹkún ló kún ibẹ̀.

Ìwọ tí kì í yẹ àdéhùn! Bí o bá ní kí oníbàárà wá gba aṣọ ní Ọjọ́bọ̀, kó yáa wá ní Ọjọ́bọ̀, aṣọ rẹ̀ á ti wà lára ògiri. Ta ló tún mọ irú aránṣọ bẹ́ẹ̀ n'Ìbàdàn? Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni ọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá gbààwẹ̀, ìwọ lò ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná ránṣẹ́ sí mi kí oòrùn tó wọ̀. O ò gbàgbé rí.

Nígbà tí Wálé bí Ẹniọlá sí òkè òkun, inú rẹ dùn débi pé o fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì nìkan lọmọ náà gbọ́. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ojú rẹ̀ máa ń yọ nínú fóònù. Á sọ tirẹ̀, ìwọ á sọ tìrẹ, ẹ ò ní gbọ́ ara yín, ẹ ó kàn máa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan o gbé fóònù sílẹ̀, o ní, "Sìdí, ọmọ ọmọ mi ń bá mi sọ̀rọ̀, mo kàn ń wò ó bí adití. Mi ò gbà." Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e lo fà mí lọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Bódìjà, níbi tí tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ti ń kọ́ àwọn àgbà ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ mi ní kí ni Àlhájà ń wá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ìwé ni mo lọ kà, n ò lọ kọrin.

Gẹ̀ẹ́sì yẹn fi ojú wa rí màbo. Àwa, bí a bá sè lónìí, bí a sè lánàá, bí a ó sè lọ́la, "sè" kan náà ni. Tiwọn, bí ọjọ́ bá ti yí, ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ yí. Mo bínú, mo ní mò ń lọ sílé. Ìwọ lo pè mí padà. O ní, "Àlhájà, jókòó. Ìṣẹ́tí ni. Èyí tó bá ti kọjá, wọ́n á fi ed ṣẹ́tí ìdí rẹ̀ bí ẹni ṣẹ́tí aṣọ, ó parí." Bí ó ṣe yé mi nìyẹn: cook, cooked, wash, washed. Tọ́la, kí a fi will síwájú, kí a má fọwọ́ kan ìdí rẹ̀. Èmi a máa pè é ní "kúkẹ́ẹ̀dì", tíṣà á ní, "Àlhájà, ẹ má tẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ o." Ìwọ á rẹ́rìn-ín títí omi á fi máa bọ́ lójú rẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ ó rántí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa tẹ máṣíìnì, ẹnu rẹ̀ á máa kà á: I wait, I waited, I will wait. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá tún ṣòkòtò ṣe á dúró máa wò ó. Ìyá Wálé, Wálé ti ní òun ń mú Ẹniọlá bọ̀ wálé lọ́dún Kérésì, o sì ti mú gbólóhùn tí o fẹ́ fi pàdé rẹ̀: I waited for you. O ní bí o bá ti dì í mọ́ra báyìí, òun ni wàá kọ́kọ́ sọ. O bi mí pé ṣé ó dán lẹ́nu rẹ. Mo ní o ti di òyìnbó Agbowó.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan lo ṣubú, níbi tí o ti ń múra ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sáré dé ọsibítù. Kí ni mo fẹ́ ṣe? N kì í ṣe dókítà. Mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná dání nínú fíláàsì, kò sẹ́ni tó máa mu ún. Fọlákẹ́ fi fóònù rẹ lé mi lọ́wọ́, ó sáré lọ ra oògùn. Fóònù dún. Ẹniọlá ni.

Ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà. "Grandma" nìkan ni mo dá mọ̀. Ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, bí ẹni pé mo fi ọ́ pamọ́ sẹ́yìn mi. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí a jọ kọ́ fò lọ lórí mi. Ẹyọ kan ló kù. Mo ní, "Wait." Mo tún ní, "Wait." Ọmọ náà sì dákẹ́, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń dúró dè ọ́. Mo ń wò ó, ó ń wò mí. Fọlákẹ́ padà dé, nọ́ọ̀sì jáde, ó pè é sí kọ̀rọ̀, Fọlákẹ́ figbe ta. Ẹniọlá ṣì ń wò mí. Ó ṣì ń dúró. N ò mọ ohun tí mo lè ṣe, títí dòní n ò mọ̀ ọ́n.

Kí wọ́n tó pín ìwé yìí, Ẹniọlá á ti wà láàárín wa. Mo ti bẹ tíṣà, ó ti bá mi tún gbólóhùn rẹ ṣe, mo sì ti há a sórí: Grandma waited for you. Létí ibojì, màá di ọwọ́ ọmọ náà mú, màá sọ ọ́ fún un. N ò ní tẹ̀ ẹ́ jù. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé ó lè bi mí léèrè nǹkan kan, nítorí ọmọ tó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ ni. N ò ní gbọ́ ọ. Bí mo bá tilẹ̀ gbọ́ ọ, ibo ni màá ti rí èsì? Ìwọ lò ń ràn mí lọ́wọ́ ní kíláàsì.

Sùn re o, Ìyá Wálé. Sùn re, kíláàsì mi. Má dúró mọ́. Ẹniọlá ti dé.