Mùínátù àti Gàárì Tí Kò Kan

Ní nǹkan bí ọdún 1986, kò sí obìnrin tó ń yan gàárì ní Ìjagun tó lè nàró níwájú Mùínátù. Bó bá gbé agbada kaná, òórùn gàárì rẹ̀ a rin ìrìn-àjò dé Ìbẹ̀fún, a sì tún padà wálé. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kò jẹ gàárì gidi rí ni.

Síbẹ̀, obìnrin yìí kò ní ìsinmi. Kúbúrátù, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ti dá ààrò tirẹ̀ sílẹ̀ ní òdìkejì títì. Èéfín Kúbúrátù ń ta á lójú, ṣùgbọ́n ẹnu Ràmọ́tà, ọ̀rẹ́ Mùínátù fúnra rẹ̀, ló ń ta á lọ́kàn. Láràárọ̀ ni Ràmọ́tà ń wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò Mùínátù, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Mọ́rúfù.

"Ìyá Mọ́rúfù, jókòó síbẹ̀, máa wòran. Wọ́n ní gàárì ọmọ-iṣẹ́ rẹ ti funfun ju tìrẹ lọ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Hẹn-ẹn! Ìyàwó Tíṣà Walter gan-an yà síbẹ̀ lánàá."

Ìyàwó Tíṣà yìí, Matilda, ni àgbà oníbàárà Mùínátù. Òun ló ń ra gàárì fún gbogbo ẹbí rẹ̀ l'Ékòó. Owú gbé Mùínátù mì. Ẹ̀gẹ́ tó rin lánàá, tó yẹ kó wà nínú àpò lábẹ́ òkúta títí yóò fi kan dáadáa, ló tú jáde. Ó kù ú, ó yan án wàràwàrà, kó lè ṣáájú Kúbúrátù dé ilé Matilda. Ràmọ́tà bá a rù ú débẹ̀.

Matilda fi omi tútù rẹ díẹ̀, ó bù ú sẹ́nu, ó fajú ro.

"Ìyá Mọ́rúfù, gàárì ibo lèyí? Kò kan rárá! Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn ará Èkó máa bi mí bóyá Ìjẹ̀bú ni mí lóòótọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbé e lọ."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ràmọ́tà tún dé.

"Kúbúrátù ń rẹ́rìn-ín o! Ó ní ọ̀gá òun ti gbàgbé bí gàárì ṣe ń kan."

Mùínátù dáwọ́ dúró.

"Ràmọ́tà, èmi, ìwọ àti ìyàwó Tíṣà nìkan la wà ńbẹ̀. Ìyàwó Tíṣà sì ti wọkọ̀ lọ sí Èkó lánàá lójú èmi àtìwọ. Ta ló sọ fún un?"

Ràmọ́tà ń wolẹ̀. "Eré ni mo fi ṣe."

"Eré náà tó gẹ́ẹ́. Bá a bá pàdé lọ́nà mọ́ṣáláṣí, a ó kíra wa. Ṣùgbọ́n má jókòó nídìí ààrò mi mọ́."

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀lé e, Mùínátù fi ojú ara rẹ̀ rí Matilda, tó ti dé láti Èkó, tó ń wọ ọ̀dọ̀ Kúbúrátù. Owú ń hó nínú rẹ̀ bí omi ẹ̀kọ. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ẹnìkan yóò koná mọ́ ọn, kò sẹ́ni. Kí gàárì inú agbada tó gbẹ, inú rẹ̀ ti rọ̀. Ó da gàárì náà sórí ẹní, ó bu òmíràn sínú agbada, ìgbà yẹn ló tó gbọ́ pé òun alára ló ń kọrin.